Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Ẹni Tí Ń Mòòkùn Nínú Omi Tútù

Ní ilẹ̀ Áísílándì, lókè réré ní ìhà àríwá ayé, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Silfra. Ilẹ̀ ló là níbẹ̀, omi sì kún inú rẹ̀. Òkìtì yìnyín ńlá kan tí ń jẹ́ Langjökull ló ń yọ́. Omi rẹ̀ a wọ inú àpáta lọ, a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jáde ní Silfra. Nígbà tí ó bá jáde, ó ti mọ́ gaara. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá mòòkùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tutù! Dígírì 2 sí 4 ni, yípo ọdún. Bẹ́ẹ̀ dígírì 0 ni omi ń di yìnyín.

Ẹ̀yin tí òyé ti mú rí lè wí pé ẹ mọ òtútù. Òtútù inú omi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi a máa gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ. Ẹni tí kò bá múra dáadáa, ìka rẹ̀ á kú, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìrònú rẹ̀ á dàrú. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sì wà nínú sìlíńdà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìka kò bá lè yí fáàfù mọ́ ńkọ́? Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀ o.

Aṣọ méjì ni wọ́n ń wọ̀. Ti òde kì í jẹ́ kí omi wọlé, nítorí rọ́bà fún pinpin mọ́ ọrùn àti ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé òun ló ń mú ara gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò nípọn ju aṣọ òjò lọ. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wo tìmùtìmù tí a fi òwú àràbà sí nínú. Nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ó wú, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Bí a bá jókòó lé e, á di pẹlẹbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ yìí rí. Afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Omi a sì máa tẹ̀ ẹ́. Bí ènìyàn bá lọ sísàlẹ̀ tó mítà 10, afẹ́fẹ́ inú aṣọ á fún di ìdajì. Nítorí náà, a ní láti máa tẹ bọ́tìnnì kan láti fi afẹ́fẹ́ mìíràn kún un.

Nílé wa, òwú ni baba aṣọ, nítorí ó ń fa òógùn mu. Ohun tí a fi ń yìn ín níhìn-ín ni àléébù rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó ru ẹrù lọ sétí omi á làágùn, òwú á gbé òógùn náà dúró, á sì tutù mọ́ ọn lára. Irun àgùntàn sàn jù, nítorí ó ń móoru bí ó tilẹ̀ rin díẹ̀. Pọliẹ́sítà náà dára. Kí ti ara fẹ́lẹ́, kí ti òkè rẹ̀ wú.

Àwọn tí ń tà á a máa wí pé èyí tí ó nípọn jù ló dára jù. A kò gbà. Bí aṣọ òde bá há, yóò tẹ̀ ẹ́ pa bíi tìmùtìmù ọjọ́sí. Bí ó ti ń wú tó náà ni òjé tí a óò so mọ́ ara kí a tó lè rì yóò ṣe máa pọ̀ tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì tóbi jù, afẹ́fẹ́ lè ṣàn sí ẹsẹ̀, kí ó sì dorí ènìyàn kodò. Nítorí náà, ẹ wọ méjèèjì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ fi kan ẹ̀yìn ọrùn, ẹ lóṣòó. Bí ó bá ń fà yín, ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ fọwọ́ kan àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà. Bí ọrùn tàbí ọrùn-ọwọ́ nìkan ló tutù, ẹ yẹ rọ́bà wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti abíyá ló rin, òógùn ni. Ẹ dín aṣọ kù lọ́jọ́ mìíràn, tàbí kí ẹ má tètè wọ̀ ọ́ kí àkókò tó tó.