Ìbejì Àárín Nínú Póókà

Ní ọdún 2003, nínú ìdíje póókà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Las Vegas, Chris Moneymaker fi káàdì 8 méjì kojú Humberto Brenes tí ó mú éèsì méjì lọ́wọ́. 8 kẹta yọ, Brenes sì bá ibẹ̀ kúrò nínú eré. Moneymaker ni ó borí ìdíje náà, tí ó gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là, tẹlifíṣàn sì gbé e káàkiri. Àwọn olùdíje tí wọ́n jẹ́ 839 ní ọdún náà di 2,576 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí 8 méjì bá kojú éèsì méjì nígbà 100, bí ìgbà 19 péré ni 8 máa ń borí.

Nínú póókà yìí tí à ń pè ní Texas Hold'em, káàdì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà tí ẹlòmíràn kò rí. Márùn-ún mìíràn ni wọn yóò ṣí sórí tábìlì fún gbogbo wọn. Bí méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ìbejì ni wọ́n. Ìbejì 7 dé 10 ni ti àárín: wọn kì í ṣe ohun àjùnù, wọn kò sì tó ohun àmúyangàn.

Òpè a máa wí pé, 'N ó san án. Bí 9 kẹta bá yọ, mo kó gbogbo rẹ̀.' Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ìgbà 100, bí ìgbà 12 ni 9 kẹta ń wà nínú káàdì mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Èyí ni pé yóò kùnà nígbà méje àbọ̀ kí ó tó rí i lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 100 dọ́là. Bí ẹni tí ó mú 9 bá fi 3 sílẹ̀, tí ẹnì kejì gbé e dé 9, 6 ni yóò san láti rí ohun tí ó lé ní 100, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kejì ni ó fi 3 bẹ̀rẹ̀, tí òun gbé e dé 9, tí ẹni náà tún gbé e dé 22, 13 ni yóò san. Méje àbọ̀ lọ́nà 13 jẹ́ 97 àbọ̀; gbogbo ohun tí ó lè rí kó, bí ọ̀tá bá tilẹ̀ fún un tán, kò ju bí 109 lọ. Ta ni yóò sì fún un tán nígbà gbogbo?

Lọ́nà mìíràn, nígbà 79 nínú 100, káàdì tí ó ju 9 lọ yóò wà nínú mẹ́ta náà, ojú rẹ̀ yóò sì ṣú.

Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní òdìkejì ni ọ̀ta ń wò. Ìbejì éèsì, ti ọba àti ti ayaba lè wá lọ́nà 18. Éèsì pẹ̀lú ọba lè wá lọ́nà 16. Lójú àwọn ìbejì ńlá wọ̀nyí, bí ìgbà 19 nínú 100 ni 9 ń borí. Lójú éèsì pẹ̀lú ọba, ó lé díẹ̀ ní 50. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí 36 ni. Bí oníṣùúrù ènìyàn tí kì í gbé owó sókè bí kò ṣe pẹ̀lú irú káàdì wọ̀nyí bá dé 22, kí a ju 9 sílẹ̀ láìbanújẹ́. Bí ó bá jẹ́ aláriwo tí ń fi éèsì àti 5 ṣe irú rẹ̀, kíkó gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju sísan 13 lọ, nítorí púpọ̀ nínú káàdì rẹ̀ ni yóò jù sílẹ̀.