Òjìji Tí Ń Ka Wákàtí

Ní èbúté St Peter Port, ní erékùṣù Guernsey, òpó òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà gbọọrọ sójú ọ̀run, ìjókòó òkúta gígùn kan sì tẹ̀ bí ọrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 1995, tí ìdáǹdè erékùṣù náà kúrò lọ́wọ́ àwọn Jámánì pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i sì wú mi lórí gidigidi: bí oòrùn bá ń yí lọ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìdáǹdè náà, òjìji òpó náà a máa rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lára ìjókòó yìí, ibi tí ó bá sì bà lé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí náà gan-an ní ọdún 1945 ni a ó bá níbẹ̀, tí wọ́n ti fín in sára òkúta.

Guernsey, Jersey, Alderney àti Sark, àwọn erékùṣù afòkun-ṣọgbà, sún mọ́ ilẹ̀ Faransé ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, síbẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sìn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Faransé ṣubú lọ́wọ́ Hitler ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn aláṣẹ ní London kó ọmọ ogun wọn kúrò ní erékùṣù wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò tètè kéde rẹ̀ fún ọ̀tá. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Guernsey to lọ́rì tòmátì wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí èbúté, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò kó o lọ sọ́jà, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ṣe bí ohun ìjà ni wọ́n kó sínú lọ́rì. Bọ́ǹbù rọ̀ bí òjò, ènìyàn tí ó lé ní 30 sì kú sáàárín tòmátì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, àwọn Jámánì gúnlẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: àwọn ará Guernsey tí ó tó 17,000, títí kan àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn, ti bá ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tí ó dágbére fún ọmọ ọdún márùn-ún ní etíkun náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò padà wá bá a.

Àwọn tí ó kù rí màbo. Wọ́n gba ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì lọ́wọ́ wọn. Omi òkun ni wọ́n ń sè fún iyọ̀, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń rẹ mu bíi tíì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tún gba etíkun Faransé ní ọdún 1944, ọ̀nà oúnjẹ dí pátápátá, ebi sì ń pa ẹrú, ó ń pa olówó ẹrú. Ọkọ̀ Vega ti ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ni ó kó oúnjẹ dé ní ìparí oṣù Kejìlá. Ní gbàgede Royal Square ní Jersey, ọ̀mọ̀lé kan ti fi ìgboyà to òkúta ilẹ̀ bí lẹ́tà V, àmì ìṣẹ́gun, lójú àwọn Jámánì. Orúkọ ọkọ̀ náà ni wọ́n fi parí rẹ̀, ó di VEGA 1945, ẹsẹ̀ èrò sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, gbàgede yìí kan náà ni èrò kún sí láti gbọ́ ohùn Churchill pé ìdáǹdè dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn Jámánì fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá nínú ọkọ̀ ogun Bulldog.

Ayọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò kárí. Àwọn obìnrin Júù mẹ́ta tí wọ́n kó kúrò ní Guernsey ní ọdún 1942, Therese Steiner, Auguste Spitz àti Marianne Grunfeld, àgọ́ ikú àwọn Jámánì ní Auschwitz ni wọ́n kú sí. Louisa Gould ti Jersey fi ọmọ Rọ́ṣíà kan tí ó sá kúrò lóko ẹrú àwọn Jámánì pamọ́ sílé rẹ̀; nítorí èyí, àgọ́ Ravensbrück ni ikú ti pa á. Bí a kò bá dárúkọ wọn lọ́jọ́ ijó, a jẹ wọ́n níyà lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti Alderney, ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìdáǹdè dé ibẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù náà, onílé kò sí nílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣí lọ, àwọn Jámánì sì ti sọ ibẹ̀ di àgọ́ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú ogun kú sí. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ padà sílé ní ọdún 1945, fi jẹ́ ọjọ́ ọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ ilé láìní ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n ti fi igi rẹ̀ dáná. Àga àti tábìlì tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n kó jọ sórí pápá kan, tí olúkúlùkù wá ń wá tirẹ̀ láàárín wọn.