Àríyànjiyàn Àwọn Òǹkàwé ní Bermondsey àti Peckham

Ní Bermondsey àti Peckham, àdúgbò méjì tí ó wà ní Southwark ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣòro láti rí ẹgbẹ́ òǹkàwé, ìyẹn àwùjọ kékeré tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń yan ìwé ìtàn àròsọ kan, tí oníkálukú yóò kà á tán nílé, kí wọ́n tó péjọ ní láíbìrì tàbí ní pálọ̀ ẹnìkan láti sọ èyí tí ó dùn mọ́ wọn àti èyí tí ó bí wọn nínú.

Ìwé tí ó yẹ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni Girl, Woman, Other tí Bernardine Evaristo kọ, èyí tí ó pín ẹ̀bùn Booker ọdún 2019 pẹ̀lú ìwé Margaret Atwood. Peckham gan-an ni Bummi ń gbé nínú rẹ̀: ó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Ìbàdàn, síbẹ̀ iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ó ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà tí Carole, ọmọbìnrin rẹ̀, yan òyìnbó láti fẹ́. Bí a bá béèrè bóyá Bummi jàre, òbí tí ó ti Nàìjíríà wá àti ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè má dáhùn bákan náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwùjọ tí gbogbo ẹnu ti ń kò síbì kan náà kò ju ẹgbẹ́ akíni-kú-iṣẹ́ lọ.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, àwọn òǹkàwé ń fi lẹ́tà tiwọn ránṣẹ́, àwọn kan sì gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè ní tòótọ́.

Lọ́ńdọ̀nù náà rí tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde ní 1952, akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kọ̀wé sí West Africa, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó ń jáde ní ìlú náà, pé irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ yóò tàbùkù àwọn. Ìbínú náà yéni, àmọ́ ojú òyìnbó ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú ìwé. Ẹ̀sùn tí ó wúlò jù nínú àwọn lẹ́tà náà ni pé Tutuola yá nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà ti kọ, tí ó sì jáde ní 1938, nítorí ẹgbẹ́ òǹkàwé tí ó bá ní ìwé méjèèjì lọ́wọ́ lè ṣí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n wo ibi tí igbó àti iwin inú wọn ti jọra àti ibi tí Tutuola ti gba ọ̀nà tirẹ̀.