Wọ́n gbalé lọ́wọ́ onílé, wọ́n sọ yàrá doko igbó! Ooru àti omi ló ń tú àṣírí wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lóṣù Kejì, ọdún 2015, yìnyín já bọ́ nílùú Haarlem, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Òrùlé àwọn ilé tó wà ládùúgbò kan funfun báláú bí ẹni da òwú lé wọn lórí, àfi ilé kan ṣoṣo tí òrùlé tiẹ̀ dúdú láàárín wọn, bí ẹni pé yìnyín ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ kan nínú. Nígbà tí wọ́n wọlé, oko igbó ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n gbé fọ́tò òrùlé náà síta kí gbogbo ayé rí i. Ooru inú ilé ló yọ́ yìnyín, ooru ọ̀hún náà ló tú wọn fó.

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ní ilé sí Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ gbé e fún ayálégbé kẹ́ ẹ tó wá sílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an o. Ìdí ni pé àwọn tó ń ṣòwò yìí kì í fẹ́ lo ilé tara wọn, ilé onílé ni wọ́n máa ń wá. Ẹni tó jókòó sí Èkó, tó ń retí owó ilé lóṣooṣù láti Peckham tàbí Thamesmead, tí owó náà sì ń wọlé déédéé, kí ló fẹ́ fura sí? Bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọlé déédéé yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dí i lójú.

Kí ló wá dé tí ilé tí wọ́n gbin igbó sí fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀? Nílẹ̀ wa níbí, inú ẹgàn lọ́hùn-ún lápá Oǹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun làwọn tó ń gbin igbó máa ń fara pamọ́ sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA sì ń lọ dáná sun ún fún wọn. Ọ̀fẹ́ loòrùn, ọ̀fẹ́ lòjò. L'Ékòó, ojúmọ́ àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, wákàtí méjìlá-méjìlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò rí bẹ́ẹ̀. Lápá ìparí oṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í tó wákàtí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún lóṣù Kẹfà. Ewé igbó sì ń ka wákàtí bí ẹni tó wọ aago. Bí òkùnkùn bá gùn dáadáa ló máa ń yọ òdòdó, òdòdó yẹn sì ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣìírí yìí fi ń ti fèrèsé pa, tí wọ́n ń fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo gbogbo ẹ̀, tí wọ́n wá ń fi gílóòbù ṣe oòrùn fúnra wọn. Àwọn ló ń dá ọ̀sán, àwọn náà ló ń dá òru.

Gílóòbù wọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ìtòsí o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ 600 watts lẹ́yọ kan, ìyẹn ni pé ọ̀kan ṣoṣo tó mẹ́wàá nínú gílóòbù 60 watts tá a mọ̀ nílé. Ká ní ogún irú ẹ̀ ló wà nínú yàrá méjì, ó di 12,000 watts. Ṣe ni kí èèyàn ro áyọ́ọ̀nù méjìlá papọ̀, kí gbogbo wọn máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, kó má sì sí ẹni tó ń lọṣọ. Ooru yẹn ò ṣeé gbélé pẹ̀lú, kódà yóò jó ewé náà fúnra ẹ̀ bí wọn ò bá lé e jáde. Ni wọ́n ṣe ń lu àjà yàrá, tí wọ́n ń ti páìpù ńlá gbà á lọ sókè àjà, tí fáànù sì ń kùn hùn-ùn-ùn tọ̀sán-tòru. Bí ooru bá ti dé abẹ́ òrùlé, ẹyẹ á lọ bà síbẹ̀ nígbà òtútù, yìnyín ò sì ní dúró níbẹ̀.

Èyí tó burú jù fún onílé ni ti omi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo omi tí ewé bá mu ló ń gba ojú ewé jáde padà, á wá dà bí oruku ìkòkò nínú yàrá. Ilé àwọn òyìnbó, wọ́n kọ́ ọ kí ooru má baà jáde ni, àwọn wọ̀nyí tún wá di gbogbo ojú ihò pa. Níbo ni omi ọ̀hún fẹ́ gbà? Ara ògiri ló ń lọ. Píléásítà á máa ṣí, pákó ilẹ̀ á rà, àmì dúdú dúdú á sì bo igun ilé bíi búrẹ́dì tó bu. Òdòdó igbó náà á tún bu bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, wọn á sì tà á bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fà á, tí bíbu ọ̀hún á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà. Àwọn tó ń pariwo "Loud" kiri l'Ékòó, tí wọ́n ń pè é ní ọjà òyìnbó, kì í béèrè irú yàrá tó ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti iná mànàmáná. Bí wọ́n bá san owó iná tó ń jó yìí bó ṣe yẹ, bíìlì ẹyọ kan tó láti mú kí iléeṣẹ́ iná béèrè ọ̀rọ̀. Nítorí náà, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kí wọ́n tú ògiri, wọ́n á fa wáyà látara kébù tí kò tíì dé ìdí mítà. Àwa náà mọ nǹkan tó ń jẹ́ báípáàsì dáadáa nílé níbí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n wáyà jákujàku tó ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tó tutù rinrin, iná lè sọ nígbàkigbà, àwọn tó wà nílé kejì tí ògiri kan náà pa wọ́n pọ̀ ò sì mọ nǹkan kan.

Ìlú òyìnbó ò fojú kéré ooru yìí mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ń fi hẹlikópítà àti bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ wo ilé látòkè, kámẹ́rà wọn ń rí ibi tó gbóná. Ó sì ń ṣì wọ́n lọ́nà nígbà mìíràn. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá West Midlands rí ibi kan tó ń gbóná lórí ilẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Great Bridge, ní Sandwell. Wáyà pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Oko igbó rèé, ni wọ́n bá já ilẹ̀kùn. Kàkà kí wọ́n rí ewé, kọ̀ǹpútà bí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀, tí àwọn kan fi ń wa Bitcoin. Iná tó ń gbé e náà, wọ́n jí i ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni wọ́n ti ń ká wọn mọ́. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ewé igbó 826 ni ọlọ́pàá bá nínú ilé kan lẹ́bàá Bank of England. Òórùn ẹ̀ ló tú u. Ti Chilmark, ní Wiltshire, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni, ibi tí ìjọba gbẹ́ láyé ìjọsí kí àwọn ọ̀gá lè sá sí bí ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì bá dé. Lóṣù Kejì ọdún 2017, ọlọ́pàá bá ewé tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú bí ogún yàrá. Wọ́n rán àwọn ọkùnrin mẹ́ta lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ. Àwọn ọmọ Vietnam tí wọ́n bá tó ń bomi rin ewé náà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rí fi hàn pé wọ́n kó wọn wá sìnrú ni. Èyí wọ́pọ̀ nídìí òwò yìí ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Wọ́n á kó ọmọ kékeré wá látòkè òkun, wọ́n á tì í mọ́ ilé, á máa sun ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dé, òun ni wọ́n á bá. Ọ̀gá ò sí níbẹ̀.

Òfin Misuse of Drugs Act ti ọdún 1971 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sórí ẹni tó bá gbin igbó láìgba ìwé àṣẹ. Onílé tó bá mọ̀ pé wọ́n ń gbìn ín, tó gbójú kúrò torí owó, òun náà ti rúfin. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ibẹ̀ ni "tó bá mọ̀." Onílé tí kò mọ nǹkan kan ò ní ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa bójú tó ilé ẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bójú tó o, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un láyè. Kó kọ̀wé sí ayálégbé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú, kó wá wo ilé ẹ̀ tàbí kó rán ejẹ́ńtì. Ayálégbé tó san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ní káàṣì, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tún ilé ṣe, tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, tí kọ́tìnì ẹ̀ kì í ṣí, tí omi ń ṣàn lójú fèrèsé ẹ̀ tọ̀jò-tẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí wọ́n wò ó dáadáa. Àwọn ejẹ́ńtì kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbowó tán ni wọ́n ti gbàgbé àdírẹ́sì ilé. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò ló máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, ìdí nìyí tí àjọ Crimestoppers fi pín káàdì kan kiri lọ́dún 2013, téèyàn á fi èékánná họ, tí òórùn igbó á jáde níbẹ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ní ti owó àtúnṣe, dìpọ́síìtì tí onílé lè gbà ní England látọdún 2019 kì í ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé. Ìnṣọ́ránsì náà, àfi kéèyàn kà á dé ìsàlẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń san owó ohun tí ayálégbé mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dé, wọ́n á ru ewé lọ, wọ́n á tú gílóòbù àti fáànù kó sọ́kọ̀, wọ́n á fi pákó dí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n já. Àjà tó lu, ògiri tó rin, wáyà tí wọ́n já sílẹ̀, onílé ló ni ín, báǹkì á sì máa retí owó mọ́gééjì lóṣù tó ń bọ̀.