Òṣùwọ̀n Lámèyítọ́ fún Ìtàn Àròsọ Ọ̀daràn Òde-Òní

Bí a bá fi òṣùwọ̀n tó bá Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mu wọn My Sister, the Serial Killer (2018) ti Oyinkan Braithwaite, a óò ṣì í wọ̀n. Lápàdé, ọlọ́pàá àná, ni òǹkàwé ń bá wá àṣírí kiri nínú ìwé Òkédìjí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Braithwaite ni a ti mọ̀ pé Ayoola ló ń pa àwọn ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tí Korede, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sì ń nu ẹ̀jẹ̀ nù. Kò sí ‘ta ló pa á?’ níbẹ̀ mọ́. Ibi tí okùn ọmọ-ìyá lè nà dé, lẹ́yìn bàbá òǹrorò, ni kókó ọ̀rọ̀. Dókítà Tade nìkan ló fẹ́lẹ́ jù lójú tèmi: ẹwà Ayoola ló ń rí, àwa kò rí inú tirẹ̀.