Ṣé o mọ̀? Confetti: oúnjẹ tó sọ bébà lórúkọ

Bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń fọ́n lé ọkọ àti ìyàwó lórí níbi ìnáwó òde òní, confetti ni wọ́n ń pè é. Ohun jíjẹ ló kọ́kọ́ ni orúkọ yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé títí di òní, ohun tí ará Ítálì ń pè ní confetti ni èso álímọ́ńdì tí wọ́n fi ṣúgà bò? Ẹyọ kan ń jẹ́ confetto. Bí ó bá ti ju ọ̀kan lọ, ó di confetti.

Ṣé o mọ̀ pé inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá? Conficere ni kí èèyàn pèsè nǹkan, kí ó sì ṣe é parí. Òun náà ló bí comfit lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti confeito lẹ́nu àwọn Potogí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wọkọ̀ ojú omi dé Japan? Àwọn Potogí gbé confeito débẹ̀, àwọn onílé sì sọ ọ́ di konpeitō. Ní 1569, Luís Fróis, ajíhìnrere ọmọ Potogí, fi ìgò konpeitō kan ta Oda Nobunaga lọ́rẹ, ọ̀kan lára àwọn ológun tó lágbára jù nílẹ̀ náà.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe confetti? Wọ́n á da álímọ́ńdì sínú agbada ńlá tó ń yí bírí, wọ́n á sì bu omi ṣúgà díẹ̀ lé e. Èso á máa yí gbirigbiri, omi á gbẹ, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bò ó, ìpele lórí ìpele, títí èèpo funfun náà á fi le, tí á sì máa dán. Bí ẹni tó ń ṣe é bá kánjú da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, àwọn èso á lẹ̀ mọ́ra wọn, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Sulmona ní ẹkùn Abruzzo ni òkìkí confetti pọ̀ sí jù? Ilé iṣẹ́ Pelino ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1783. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ń fi bébà aláwọ̀ wé e lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n sì ń so ó pọ̀ di òdòdó.

Ṣé o mọ̀ pé márùn-ún ni wọ́n ń fún àlejò níbi ìgbéyàwó? Ọ̀kan fún ìlera, ọ̀kan fún ọrọ̀, ọ̀kan fún ayọ̀, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ẹ̀mí gígùn. Márùn-ún kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí tọkọtaya náà má ṣe pínyà. Bí àwa ṣe ń fi oyin, ìrèké àti ṣúgà wúre fún ọmọ tuntun níbi ìkómọjáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń fi ohun dídùn tọrọ ayé dídùn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Funfun ni ti ìgbéyàwó, pupa ni ti ẹni tó gboyè ní yunifásítì. Bí tọkọtaya bá pé ọdún 25, aláwọ̀ fàdákà. Bí wọ́n bá pé 50, aláwọ̀ wúrà.

Ṣé o mọ̀ bí ó ṣe wá di bébà? Níbi ọdún Carnival ní Ítálì, wọ́n a máa ju èso tí wọ́n fi ṣúgà bò lu ara wọn. Ṣúgà wọ́n, ni wọ́n bá ń fi ẹfun ṣe ayédèrú rẹ̀. Goethe, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, bá ẹlẹ́fun yìí ní Róòmù ní 1788.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò sílíkì wà nínú ìtàn yìí? Bébà oníhò ni àwọn tó ń sin kòkòrò náà ń tẹ́ fún un. Ègé róbótó tó ń bọ́ lára ihò wọ̀nyẹn, pàǹtí ni. Ní 1875, Enrico Mangili bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Milan fún àwọn ọlọ́dún. Kì í dunni bí ẹfun, ó sì pọ́ọ́kú.

Nítorí náà, bí o bá dé Ítálì tí o fẹ́ bébà, coriandoli ni kí o béèrè. Bí wọ́n bá nawọ́ confetti sí ọ, gbà á, jẹ ẹ́, kí o sì ṣe àmín, torí àdúrà ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́.