Kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ tán, ó ṣi ọjọ́ ọjà kà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣètò àkókò, ẹ ṣọ́ra o

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó kọ́ ọmọ Yorùbá. Bí ọmọ bá ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, yóò ti mọ̀ pé bí wọ́n bá ná ọjà ọrún lónìí, ọ̀la kọ́, ọ̀tunla kọ́, ọjọ́ mẹ́rin sí òní ni wọn yóò tún ná an. Òní ni wọn yóò fi ṣe oókan, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọn yóò fi ṣe aárùn-ún. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣètò iṣẹ́ wọn lóde òní.

Ẹ jẹ́ ká mú un báyìí pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláta kan ní ìkànnì tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ kí ìkànnì náà máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kó máa rán wọn létí owó àjọ, kó sì máa sọ ibi tí ọkọ̀ ata yóò já ẹrù sí. Ìyálọ́jà wá pe ọmọ àbúrò rẹ̀ tó gbọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ìgbà wo ni kó máa lọ?"

"Ọrọọrún ni, ọmọ mi. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún."

"Ó ti parí, mà."

Lóòótọ́, ó parí. Ọmọkùnrin náà kò fọwọ́ kọ kóòdù kankan. Ńṣe ló sọ fún ẹ̀rọ onílàákàyè pé kó bá òun fi iṣẹ́ alákòókò kún ìkànnì náà, kí iṣẹ́ ọ̀hún sì máa wáyé ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún. Kí ó tó mu omi ife kan tán, kóòdù ti délẹ̀. Ó gbé e sórí ìkànnì, kò sí àṣìṣe tó yọjú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí gbogbo fóònù. Àwọn ìyá ń yọ̀, wọ́n ń súre fún ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún oṣù ni ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹfà ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé fóònù rẹ̀ débi ọjà, ó bá àtẹ òfìfo. Ata tó yẹ kó tà lánàá ti ń rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, owó tó fi ra á sì ti wọlẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn, kóòdù kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

AJÍSÀÁRÌ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ajísàárì ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oṣù Ramadan, nígbà tí oorun bá ń dùn mọ́ gbogbo àdúgbò, ajísàárì ni yóò gbé ìlù kiri láti ojúlé dé ojúlé, kí àwọn aláàwẹ̀ lè dìde jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun kọ́ ló ń se oúnjẹ, òun kọ́ ló ń bá wọn jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó mọ àkókò, kó sì jí ẹni tó yẹ kó dìde.

Irú ajísàárì bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni wọ́n ń pè ní cron. Brian Kernighan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀ràn ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló kọ èyí tó wà nínú ẹ̀dà keje Unix tó jáde lọ́dún 1979. Lọ́dún 1987, Paul Vixie kọ òmíràn tó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn ló sì tàn káàkiri. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni cron ń la ojú. Yóò wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, bí àkókò iṣẹ́ kan bá ti tó, yóò jí i. Bí kò bá tíì tó, yóò padà sùn.

Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ 0 6 * * 1, ohun tó ń wí ni pé, "Ní aago mẹ́fà àárọ̀ gééré, ní gbogbo ọjọ́ Ajé." Àmì ìràwọ̀ túmọ̀ sí pé èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó bójú mu. Ìlà kékeré yìí, tàbí èyí tó jọ ọ́, ló ń bẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: ìwé owó oṣù tó wọlé lóru, ìránnilétí ilé ìwòsàn, owó dátà tó ń tún ara rẹ̀ rà.

KÓÒDÙ TÍ Ẹ̀RỌ Ń KỌ FÚN ẸNI

Nígbà kan, ẹni tó fẹ́ fi irú ètò yìí kún ìkànnì rẹ̀ ní láti jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Lọ́dún 2004, David Heinemeier Hansson, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, gbé Ruby on Rails jáde. Lára ohun tó sọ ọ́ di ààyò àwọn ọ̀dọ́ akọ-kóòdù ni pé èèyàn lè pàṣẹ ìlà kan ṣoṣo fún un, yóò sì kọ ọ̀pọ̀ fáìlì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Solid Queue, tó ń bójú tó iṣẹ́ abẹ́nú àti iṣẹ́ alákòókò, ti di ohun tí ìkànnì tuntun ń bá wáyé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni GitHub kọ́kọ́ fi Copilot han ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, OpenAI gbé ChatGPT jáde. Láti ìgbà náà, àṣẹ ẹ̀rọ kò pọn dandan mọ́. Èèyàn lè fi èdè ẹnu lásán ṣàlàyé ohun tó fẹ́, ẹ̀rọ yóò sì kọ kóòdù rẹ̀. Ire ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí kò ní owó gọbọi láti fi háyà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ bú u. Àmọ́ bí iṣẹ́ ṣe yá tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìṣe ṣe yá tó.

OṢÙ KÌ Í BÁ ỌRÚN RÌN

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyálọ́jà ni pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ọrún tí wọ́n pè ní márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàrin ọjà kan sí èkejì: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ìsán tí wọ́n pè ní mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ìtàdógún, irú èyí tí wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè Òjé n'Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní. Bí èèyàn bá wí fún un pé márùn-ún, márùn-ún gan-an ni yóò kà.

Bí ọmọkùnrin náà bá wá gbọ́n, tó ní kí ẹ̀rọ máa fi mẹ́rin kà ńkọ́? Ìṣòro kejì ń dúró dè é níwájú. Ẹ̀rọ yóò kọ */4 sí àyè ọjọ́ inú oṣù. Lójú ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn, ó pé. Ṣùgbọ́n ohun tí cron rí nínú rẹ̀ ni ọjọ́ 1, 5, 9, 13, 17, 21, 25 àti 29. Bí oṣù bá ti parí, yóò gbàgbé ibi tó kà dé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1.

Ẹ jẹ́ ká kà á wò. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní, ẹ̀rọ àti ọjà yóò jọ rìn títí dé ọjọ́ 29. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni ọjà tó kàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 1 ni ẹ̀rọ yóò pariwo. Bí oṣù Kejì bá jẹ́ ọlọ́jọ́ 28, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni ọjà, ẹ̀rọ yóò tún fi ọjọ́ kan ṣáájú. Tó bá di oṣù Kẹrin, ọjọ́ 3 ni ọjà, ẹ̀rọ yóò ti fi ọjọ́ méjì gbáko ṣáájú. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀tàn rẹ̀ wá dé: ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ẹ̀rọ àti ọjà yóò tún pàdé! Àwọn èèyàn yóò ní ara rẹ̀ ti yá. Kí wọ́n tó dúpẹ́ tán, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ti dé, àìsàn àná ti padà.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa jí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Bí iṣẹ́ bá ti jí, kó ka iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ọjọ́ ọjà kan tí gbogbo ìlú mọ̀, kó fi mẹ́rin pín in. Bí kò bá ṣẹ́ku nǹkan kan, òní lọjà, kó ránṣẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ku, kó dákẹ́, kó padà sùn. Ẹ̀rọ lè kọ èyí náà láàrin ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó mọ ọrún bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

AAGO MẸ́FÀ TA NI?

Ìṣòro mìíràn tún ni ibi tí aago náà wà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí ìkànnì àwọn èèyàn wa ń gbé orí rẹ̀ ló ń lo àkókò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ aago mẹ́fà sílẹ̀ láìsọ pé ti Èkó ni, aago méje ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ yóò wọlé. Aláta lè rí ìyẹn fara dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mọ́sáláṣí ló ń fi ìkànnì rẹ̀ jí àwọn aláàwẹ̀ fún sàárì ńkọ́? Ilẹ̀ yóò ti mọ́ kí wọ́n tó dìde!

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní ẹrù tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ìjọba ibẹ̀ máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan láti aago kan òru. Aago kan ààbọ̀ kì í wáyé lóru ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá a padà, aago kan ààbọ̀ á sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi sí àkókò yẹn lè má ṣẹlẹ̀ rárá, tàbí kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti yíyọ owó ní báńkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Iná ọba náà ní ipa tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú ní aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì jí ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, cron kò ní padà lọ ṣe iṣẹ́ tó kọjá. Ajísàárì tó sùn gbàgbé kì í wá lu ìlù ní ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ìkànnì bá wà lórí kọ̀ǹpútà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ajísàárì sì wà nínú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò rán iṣẹ́ kan, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì.

Ẹ̀KỌ́ TÍ GITLAB FI OWÓ GỌBỌI KỌ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, kó gbọ́ ti GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn akọ-kóòdù káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń gbìyànjú láti tún nǹkan ṣe ṣèèṣì pa dátà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Kó tó dá ọwọ́ dúró, nǹkan bíi 300 gígábáìtì ti lọ.

Wọ́n sáré lọ síbi àdàkọ tí iṣẹ́ alákòókò yẹ kó máa ṣe lójoojúmọ́. Òfo ni wọ́n bá níbẹ̀! Ẹ̀dà 9.2 irinṣẹ́ PostgreSQL ni iṣẹ́ náà ń lò, nígbà tí dátà wọn wà lórí ẹ̀dà 9.6, nítorí náà ńṣe ló ń kùnà. Cron kò dákẹ́ o, ó ń kọ ímeèlì láti fi ta wọ́n lólobó. Ṣùgbọ́n àwọn ímeèlì náà kò ní àmì ìdánimọ̀ tó yẹ, wọ́n sì ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ajísàárì ń pariwo, ilẹ̀kùn tì pa.

Ohun tó kó wọn yọ ni àdàkọ kan tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà ló ṣòfò. GitLab fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí aráyé lè kà á, kí wọ́n sì fi kọ́gbọ́n.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ alákòókò kún ìkànnì rẹ̀ dì mú kò pọ̀. Kó má ṣe béèrè bóyá kóòdù ń ṣiṣẹ́ nìkan, kó ní kí ẹ̀rọ to ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò wáyé fún odidi ọdún kan sílẹ̀, kó sì fi kàlẹ́ńdà wò ó. Kó sọ aago ìlú tó ń lò. Kó jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àmì sílẹ̀ bí ó bá parí, kí ẹnì kan sì máa wá àmì náà, torí pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti ṣe.

Ní ti ìyálọ́jà wa, kò nílò láti mọ ìtumọ̀ cron. Bí ọmọ àbúrò rẹ̀ bá gbé ìwé tí ẹ̀rọ to ọjọ́ sí síwájú rẹ̀, ojú kan ni yóò fi wò ó tí yóò ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ 1 oṣù Kejì kì í ṣe ọjọ́ ọjà wa." Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a sọ gbólóhùn yẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.